Ọwọ́ Ta Ni Òṣùwọ̀n Wà? Ìtàn Mítà àti Bíìlì Iná Mọ̀nàmọ́ná ní Nàìjíríà

Ní ọjà Yorùbá, ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń wọn gààrí. Ìyá ológààrí yóò gbé kóńgò kalẹ̀, yóò bu gààrí sí i, yóò sì fi ọwọ́ gbá a jọ títí orí rẹ̀ yóò fi ṣe ṣóńṣó. Bí oníbàárà bá fura pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò náà wọnú, yóò dojú rẹ̀ dé, yóò fi ọwọ́ kàn án wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, yóò tún bèèrè èènì. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń rà láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ojú rí òṣùwọ̀n rẹ̀ rí, tí kò sì sí ìsọ̀ kejì tí wọ́n lè kọjá sí. Iná mọ̀nàmọ́ná ni ọjà náà. (Iye òǹwòran tí ọjà yìí kan náà yóò jẹ́ kí wọ́n wo ètò yìí dé òpin, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀.)

Ní ọdún 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ìjọba amúnisìn ni ó gbé e kalẹ̀, ohun tí ìjọba náà sì nílò ni wọ́n kọ́kọ́ rò mọ́ ọn. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò san owó irú nǹkan báyìí kò pẹ́ bẹ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1908, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ, wọ́n fárígá. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn lò, pé àwọn òyìnbó ni ó nílò omi ẹ̀rọ jù. Ọdún yẹn gan-an ni Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ará Èkó ń bèèrè nígbà náà kò le láti lóye: kí ni a fẹ́ san owó rẹ̀, ta ni ó sì sọ pé iye tí ó jẹ́ nìyẹn?

Òfin ọdún 1950 ni ó kó àwọn iléeṣẹ́ iná ìjọba jọ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ECN. Ní 1962, wọ́n fa wáyà ńlá láti Ìjọra ní Èkó dé Ìbàdàn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ fún ìsédò Odò Ọya, iná Kainji sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní 1968. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba ológun so àjọ méjèèjì pọ̀, tí Nẹ́pà fi délẹ̀.

Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba kankan tí ó wọ inú èdè bí ti Nẹ́pà. Bí iná bá dé, àwọn ọmọdé á hó yèè: “Ọ́pù Nẹ́pà!” Bí ó bá lọ, àwọn àgbà á ní “Nẹ́pà ti mú un.” Àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè òyìnbó sì tú lẹ́tà mẹ́rin náà sí ìkìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe retí iná nígbà gbogbo.

Lábẹ́ Nẹ́pà, iṣẹ́ akàmítà ni ó so ilé oníbàárà mọ́ ọ́fíìsì. Akàmítà yóò wọlé tòun ti ìwé lọ́wọ́, yóò wo nọ́ńbà tí ó wà lójú mítà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Onílé náà lè dúró tì í kí ó sì kọ tirẹ̀. Títí dé ibi yìí, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ti kóńgò. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akàmítà kò bá wá, tàbí tí ó bá ilẹ̀kùn ní títì, tàbí tí mítà bàjẹ́ tí a kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́fíìsì á wá fojú bu iye tí oníbàárà lò. Fún oṣù kan tàbí méjì, kò sí ẹni tí yóò bá wọn jà sí èyí. Àmọ́ owó epo rọ̀bì mú kí ilé pọ̀ sí i láti àárín ọdún 1970 sókè, fáànù àti fíríìjì wọ yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀, mítà kò sì bá ilé dọ́gba mọ́. Ohun tí a fi dí ihò fún ìgbà díẹ̀ wá di ògiri. Bíìlì àfojúbù di bíìlì.

Ibi tí ó ti dun àwọn ènìyàn jù ni ilé oníyàrá púpọ̀, níbi tí àwọn ayálégbé ti kọjú sí ara wọn. Bíìlì kan ṣoṣo ni ó ń wá fún gbogbo ilé. Ta ni yóò san èló? Ẹni tí ó ní fíríìjì ní òun kì í sí nílé lọ́sàn-án. Opó tí ó ní gílóòbù kan ní òun kò lè san iye kan náà pẹ̀lú aránṣọ tí ó ń fi áyọ́ọ̀nù oníná lọ aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí wọ́n bá yàn láti gba owó jọ á di ọ̀tá gbogbo ilé. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kùnà, àwọn tí ń gbé àkàbà kiri á dé, wọ́n á sì já wáyà gbogbo wọn lórí òpó. Báyìí ni ìjà tí ó yẹ kí ó wà láàrin oníbàárà àti iléeṣẹ́ ṣe di ìjà láàrin ìyá Bọ́lá àti bàbá Tùńdé. Ẹni tí ó bá sì kó bíìlì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì láti ṣàròyé, èsì tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ẹ kọ́kọ́ lọ san án ná, kí ẹ tó wá ṣàlàyé.” Kò sí ìyá ológààrí tí ó jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin ọdún 2005 sọ Nẹ́pà di PHCN. Àwọn aláwàdà ní ìṣòro náà ni ó yí orúkọ padà. Wọ́n pín PHCN sí iléeṣẹ́ 18, mọ́kànlá nínú wọn sì ni iléeṣẹ́ apínná. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fa àwọn iléeṣẹ́ náà lé àwọn oníṣòwò aládàáni lọ́wọ́. Ohun tí a fi tu àwọn ènìyàn nínú ni pé aládàáni kì í fi ọjà rẹ̀ ṣeré. Òtítọ́ ni, àmọ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ará Ìbàdàn tí inú bá ń bí kò lè lọ ra iná lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ti Ìkẹjà.

Ọ̀rọ̀ mítà wá di ọ̀rọ̀ owó. Ní 2013, àjọ NERC tí ó ń bójú tó iná mọ̀nàmọ́ná gbé ètò kan jáde: kí oníbàárà tí kò lè dúró fi owó ara rẹ̀ ra mítà, kí iléeṣẹ́ gbé e wá láàrin ọjọ́ 45, kí wọ́n sì máa yọ owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀ nínú bíìlì. Àròyé àwọn tí wọ́n sanwó tí wọn kò rí mítà pọ̀, ètò náà sì wá sópin ní 2016. Òmíràn dé ní 2018. Láìka owó orí ọjà, mítà kékeré tí ilé lásán ń lò di ₦44,896 ní 2020, ó di ₦58,661 ní oṣù kọkànlá 2021, ó sì di ₦81,975 ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ètò mítà ọ̀fẹ́ tí ìjọba gbé jáde ní 2020 dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀. Ní ìparí ọdún 2023, àwọn oníbàárà tí kò ní mítà ṣì pọ̀ ju àwọn tí ó ní lọ. Oníbàárà ni ó ń ra kóńgò fún ológààrí, kóńgò náà kò sì tètè dé.

Àwọn iléeṣẹ́ ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, pé àwọn ọ́fíìsì ìjọba jẹ àwọn lówó, pé ìjọba kò jẹ́ kí àwọn tà á ní iye tí ó ná àwọn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ní àdúgbò ìlú ńlá kankan mọ ilé kan tí wọ́n ti ń jí iná. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n jí náà gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹnì kan, orí ẹni tí kò ní mítà sì ni ó rọrùn jù láti gbé e lé, nítorí pé kò ní nọ́ńbà kankan tí yóò fi jiyàn. Iléeṣẹ́ tí ó ń fojú bu owó tí ara rẹ̀ yóò gbà kò ní ìdí láti bù ú kéré, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìdí láti kánjú gbé mítà wá. Èyí ni àwọn aṣòfin àti àjọ NERC pẹ́ kí wọ́n tó kojú. Oṣù kejì ọdún 2020 ni àjọ náà tó fi gbèǹdéke sí iye tí a lè kọ fún oníbàárà tí kò ní mítà lóṣù. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó bu owó ìtanràn tí ó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà lé àwọn iléeṣẹ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá lórí, pé wọ́n kọ bíìlì kọjá gbèǹdéke náà ní 2023.

Ẹni tí ó bá ní mítà àsansílẹ̀ ti kúrò nínú èyí. Ó ń rí iye yúníìtì tí ó kù bí ó ti ń dínkù, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pa fíríìjì. Òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Irú mítà bẹ́ẹ̀ ti ń ka ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, káàkiri àgbáyé, ìkàyé náà sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Mítà tí a kò tún ṣe kí ó tó di ọjọ́ náà kò gba owó tuntun mọ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni èyí ì bá jẹ́. Nínú oṣù díẹ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn onílé ni wọ́n dúró níwájú mítà wọn, tí ọmọ di tọ́ọ̀ṣì mú, tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà ogún, tí wọ́n tún ń tẹ ogún mìíràn, kí wọ́n tó lè tẹ ogún tí ó jẹ́ ti iná tí wọ́n ti sanwó rẹ̀.