Ọta .41 Magnum àti Àwọn Ọlọ́pàá Amẹ́ríkà

Ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Remington àti Smith & Wesson gbé ọta ìbọn ìléwọ́ yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Elmer Keith àti Bill Jordan wà lára àwọn tí wọ́n pè fún un. Wọ́n ní ọta .357, ti ọdún 1935, kò tó fún iṣẹ́ ọlọ́pàá; .44, tí ó dé ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, sì le ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lè kápá lọ. (Orúkọ .41 kò purọ́: ìbú orí ọta rẹ̀ jẹ́ íǹṣì .410, bẹ́ẹ̀ ni ti .44 kò tó .43.)

Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe: èyí tí ó le fún ọdẹ, àti èyí tí ó rọ̀, olórí òjé, fún ọlọ́pàá. Mo gbà pé ọta náà dára. Agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti .44, síbẹ̀ kì í ta padà sí ọwọ́ ẹni tó o. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá a máa gbé ìbọn kiri ní gbogbo ọjọ́, ó sì lè má yìn ín rárá. Model 58 tí wọ́n ṣe fún wọn sì wúwo ju kílò kan lọ. Àwọn mìíràn tún ń fi ọta ọdẹ sí i, wọ́n sì ń ráhùn pé ó ń dun ọwọ́. Lójú tèmi, àṣìlò yìí ni ó bà á jẹ́ jù lọ. Ní 1971, .44 ni akọni inú fíìmù Dirty Harry gbé lọ́wọ́. Ìyẹn náà kò ran.41 lọ́wọ́. Ní 1977, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe Model 58 dúró. Àwọn ọdẹ díẹ̀ ṣì ń fi .41 pa àgbọ̀nrín.