Ẹrù akéwì kan, ẹrù gbogbo òǹkọ̀wé

Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìtàn Wọlé Ṣóyínká fi hàn wá pé òwe náà bá àwọn akéwì pẹ̀lú wí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjọba ológun Nàìjíríà mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni ó tó jáde. Òun nìkan ni ó wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n ní Kàdúná fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú ewì rẹ̀ gba abẹ́lẹ̀ jáde, a sì tẹ̀ wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1969. PEN, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àgbáyé, kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1993, àwọn agbébọn yìnbọn fún Tahar Djaout ní Algiers. Akéwì àti akọ̀ròyìn ni, èdè Faransé ni ó fi ń kọ̀wé. Ó kú ní 2 oṣù Kẹfà, ní ọmọ ọdún 39. Ikú rẹ̀ bí àwọn òǹkọ̀wé nínú. Àwọn tí ó lé ní 300 fọwọ́ sí ìpè kan, láti inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti dá Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbáyé ti Àwọn Òǹkọ̀wé sílẹ̀ ní Strasbourg. Salman Rushdie, ẹni tí a ti dájọ́ ikú fún láti ọdún 1989 nítorí ìwé rẹ̀, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Wọ́n bẹ àwọn ìlú ńlá pé kí wọ́n di ìlú ààbò: kí wọ́n fún òǹkọ̀wé tí ń sá àsálà ní ilé àti owó oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994, ó tún kan Ṣóyínká. Ìjọba Abacha ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ó gun alùpùpù gba inú igbó kọjá ààlà wọ ilẹ̀ Benin wa. Lẹ́yìn náà, òun ni ó gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ Rushdie. Ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbèjà lánàá di agbèjà fún ẹlòmíràn.

Djaout kò rí ìlú ààbò kankan sá sí. Ilé tí a kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn mìíràn ni ó gbà là. Nítorí náà, nígbàkigbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n ń lépa akéwì kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró di ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ kí a tó lanu.