Ta Ló Ń San Owó Òkùnkùn?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Utako ṣe ibùgbé, kí a tó bá àwọn èèyàn pariwo sólà àti bátìrì, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Bí Òkùnkùn Ṣe Bá Wa Dé Ìhín

Ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ìjọba dá àjọ ECN sílẹ̀ ní 1950. A kọ́ ìdídò Kainji láàárín 1964 sí 1968, nígbà tó sì di 1972, wọ́n da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó ìdídò náà, ó di NEPA. Ní 2005 ó di PHCN. Ní November 2013 wọ́n fi pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí padà, òkùnkùn kò kúrò nílẹ̀. Báyìí ni jẹnẹrétọ̀ ṣe di ará ilé, títí kan kékeré tí a sọ ní “I better pass my neighbour.”

Ọkùnrin Tó Ṣírò Rẹ̀

Gbogbo wa ló ń ráhùn, ṣùgbọ́n ìráhùn kì í ṣe ìṣirò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeola Adenikinju, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló bi àwọn iléeṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà léèrè ohun tí àìsí iná ń ná wọn. Ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Energy Policy ní 2003. Àjọ AERC tó wà ní Nairobi sì tẹ èyí tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní 2005.

Ọgbọ́n tó dá rọrùn láti yé ni. Ẹni tí òjò kì í pa kì í ra agbòjò. Iye tí iléeṣẹ́ bá gbà láti ná lórí jẹnẹrétọ̀ ara rẹ̀ ló ń fi iye tí òkùnkùn ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé yúníìtì iná kọ̀ọ̀kan tí wọn kò rí lò ń ná wọn láàárín sẹ́ńtì 94 sí dọ́là 3 àti sẹ́ńtì 13. Owó tí NEPA ń gbà lórí yúníìtì kan nígbà náà kò súnmọ́ ọn rárá. Iná tí kò sí wọ́n ju iná tó wà lọ!

Èyí tó ká ni lára jù ni pé àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ni ìyà náà jẹ jù. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ń ṣiṣẹ́ fún ọjà púpọ̀, owó rẹ̀ á sì kárí. Ẹni kékeré kò ní ibi tí yóò pín in sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Iwayemi, àgbà nínú ẹ̀kọ́ yìí ní Ìbàdàn kan náà, kọ ọ́ ní 2008 pé ìṣòro méjì ló so pọ̀ mọ́ wa lọ́rùn: àìtó iná mànàmáná àti àìtó epo rọ̀bì tí a ti fọ̀, nínú ilẹ̀ tí epo àti gáàsì pọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ Náà Dé Utako

Ẹ wo ọjà Utako àti àyíká garéèjì tí ọkọ̀ Èkó àti Ìbàdàn ti ń gbéra. Télọ̀, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń ta omi tútù: àwọn yìí kéré ju iléeṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bi léèrè lọ. Kí ìjọba tó fagi lé owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, lítà bẹntiróòlù kan ní Abuja kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó di 537. Ní April 2024, yúníìtì iná fún àwọn tó wà ní Band A gòkè láti 68 náírà sí 225.

Nàìjíríà ṣèlérí ní Glasgow ní November 2021 pé yóò fòpin sí bíba ojú ọjọ́ jẹ́ nígbà tó bá di 2060. Ètò tí ìjọba gbé jáde ní August 2022 sọ pé yóò gba bílíọ̀nù 410 dọ́là lé lórí ohun tí à bá ná tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè Ìbàdàn ṣì wà níbẹ̀: ta ni yóò san án? Bí a kò bá ṣọ́ra, olówó á gun sólà mọ́ òrùlé, tálákà á máa fa èéfín jẹnẹrétọ̀.

Nítorí pé ìyàtọ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ dà bí ilé tí a háyà: owó ìwọlé rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a simi lójoojúmọ́. Sólà dà bí ilé tí a kọ́: owó rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, oòrùn kò sì ní mú ìwé owó wá. Síbẹ̀, bátìrì a máa gbó, ayédèrú ọjà sì wà nílẹ̀.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ṣe bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe. Fún oṣù mẹ́ta, kọ owó epo, ọ́ìlì àti àtúnṣe sílẹ̀, kí o fi iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ kún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹgbẹ́ wa jókòó sọ ọ́. Àjọ àti àjẹṣẹ́kù tí àwọn bàbá wa fi kọ́lé, tí wọ́n fi rán ọmọ níléèwé, lè ra sólà fún oníṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó epo tí wọn kò rà mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iná wa kú. Àṣẹ.