Ọta Kékeré Tí Apá Mẹ̀kúnnù Ká

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ro ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìlù lù, yóò máa lù ú lójoojúmọ́, ìlù náà kò sì ní tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwé kọ, yóò kọ ọ́ sára síléètì, yóò pa á rẹ́, yóò sì tún un kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìbọn yìn ńkọ́? Ìgbàkígbà tí ó bá yìn ín, owó rẹ̀ ti bá èéfín lọ. Ta ni yóò wá lè kọ́ iṣẹ́ náà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dúró? Ṣé olówó nìkan ni?

Àwọn baba wa mọ ìṣòro yìí dáadáa. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀tù àti ọta kò jẹ́ kí àwọn olórí ogun sùn. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ránṣẹ́ lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, inú sì bí àwọn Ẹ̀gbá sí i. Bí ọ̀nà etíkun ti dí nìyẹn, tí ẹ̀tù sì di ohun àìrí. Ní ọ̀dọ̀ Èkìtìparapọ̀, níbi tí Ògèdèngbé ti Iléṣà ti jẹ́ olórí ogun, àwọn ọmọ wọn tí ń gbé Èkó ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí wọn, irú èyí tí a ń ki láti ẹ̀yìn. Ìbọn Snider wà lára wọn. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú ká kúrò ní ibùdó títí di 1893.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀. Àwọn tí ń rọ ọta máa ń fi géréènì wọn nǹkan, 7,000 géréènì sì ni pọ́n-ùn ìwọ̀n kan. Ọta ìbọn Snider kan ń jẹ 70 géréènì ẹ̀tù, òjé orí rẹ̀ sì wọn 480 géréènì. Nítorí náà, pọ́n-ùn ẹ̀tù kan kò lè ṣe ju 100 ọta lọ, pọ́n-ùn òjé kan kò sì lè ṣe ju 14 lọ. Ta ni yóò máa yin irú ọta bẹ́ẹ̀ sára pátákó, nígbà tí ọ̀tá wà ní òdìkejì odò?

Ibi tí ọ̀nà àbáyọ ti kọ́kọ́ là ni ilẹ̀ Faransé. Ní 1845, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní ìlú Parisi, Louis-Nicolas Flobert, ronú kan ohun kékeré kan. Ní ayé ìgbà náà, ife bàbà kékeré kan wà tí wọ́n ń fi dáná fún ìbọn. Oògùn tí ń bú gbàmù ni ó wà nínú rẹ̀. Flobert mú irú ife bẹ́ẹ̀, ó fi òjé róbótó kan dí i lẹ́nu. Kò bu ẹ̀tù kankan sí i: oògùn ìdáná náà nìkan ti tó láti ti òjé yẹn jáde. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀, èéfín rẹ̀ kò sì tó nǹkan, tí àwọn ènìyàn fi lè máa ta á sí ojú àmì nínú gbọ̀ngàn ilé.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn méjì kan, Horace Smith àti Daniel B. Wesson, fi kún ọgbọ́n náà. Ní 1857, wọ́n gbé ìbọn ìléwọ́ kan jáde ní ìlú Springfield, èyí tí ń gba ọta 7 lẹ́ẹ̀kan. Ọta wọn ní èèpo bàbà. Oògùn ìdáná wà nínú etí ìdí èèpo náà yíká, ẹ̀tù díẹ̀ sì wà lókè rẹ̀. Bí irin ìbọn bá ti gbá etí náà, iná á ṣẹ́, òjé á sì fò jáde. Géréènì 4 péré ni ẹ̀tù rẹ̀, òjé rẹ̀ sì jẹ́ 29. Ẹ tún bá mi ṣírò: pọ́n-ùn ẹ̀tù kan ṣe 1,750 irú ọta yìí, pọ́n-ùn òjé kan sì ṣe 241. Ẹ fi wé ti Snider, ẹ ó rí ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 22 nínú 100 ìdá íǹṣì, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní 22. Ní 1887, ilé-iṣẹ́ J. Stevens fi òjé tí ó wọn 40 géréènì àti ẹ̀tù 5 géréènì ṣe èyí tí ó gùn díẹ̀, òun ni ó sì gba gbogbo ayé kan.

Ogun ni ó jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ iyì ọta kékeré yìí. Láti 1899 sí 1902, wọ́n bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà. Àgbẹ̀ ni àwọn Boer, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń dọdẹ, ojú wọn sì mọ́ àmì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fara gbọgbẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lord Roberts, tí ó ṣe olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n sọ pé ó yẹ kí ará ìlú lásán pàápàá mọ ìbọn yìn. Ní 1901 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n lè máa kọ́ ìbọn lẹ́yìn iṣẹ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò lè ra ọta ológun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pápá gbọọrọ láàrin ìlú. Ọta kékeré ni ó yanjú méjèèjì: owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹ sì lè ta á nínú ilé. Kí èyí tó dé, àwọn ológun tilẹ̀ ti ń ki ọ̀pá tín-ín-rín kan, tí wọ́n ń pè ní ọ̀pá Morris, bọ inú ìbọn ńlá, kí wọ́n lè fi ọta kékeré kọ́ṣẹ́.

Ẹ lè bi mí pé, àwọn tí ìbọn ìléwọ́ wọn tóbi ju ìyẹn lọ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dín owó kù. Èkíní, ọta tí oògùn ìdáná rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn ìdí, èèpo idẹ rẹ̀ ṣeé ṣà, kí a sì tún un kì. Ti 22 kò ṣeé tún kì bẹ́ẹ̀, nítorí etí rẹ̀ ti fọ́. Èkejì, wọ́n ń ra irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ọta 9 mílímítà tí Georg Luger ará Ọ́stríà gbé jáde ní 1902 di ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ohun tí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ bá sì ń ṣe, owó rẹ̀ á rọjú. Lónìí, ọta 22 ni wọ́n fi ń díje nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ ti mítà 25 ní Òlíńpíìkì. Láti 1988, ìbọn ìléwọ́ tí ń fi afẹ́fẹ́ lásán ti òjé jáde ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn kò tilẹ̀ nílò ẹ̀tù rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo ọta yìí. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọta 22 ń pa ènìyàn. Ní ilẹ̀ wa, òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ láti òkè pátápátá. Ìtàn ni mo ń sọ. Ẹ má ṣe wá ìbọn kiri.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni èyí. Ẹnikẹ́ni kì í mọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣetúnṣe ni ń sọ ọwọ́ di ọ̀jáfáfá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ ohun èlò ẹ̀kọ́ di ọ̀pọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn tí owó ti tì fún mẹ̀kúnnù. Ohun tí Flobert fi ife bàbà ṣe nìyẹn, ohun tí síléètì ṣe fún àwa náà nìyẹn. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ lónìí, kí ẹ bi ara yín pé: èwo ni ohun èlò rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ tálákà fọwọ́ kàn án? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn rẹ̀, a ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.