Àyípo Aláìlópin àti Ìkìlọ̀ Kọ̀ǹpáílà



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà, ohun tí a bá sì kọ sílẹ̀, kíkà ni a ń kà á. Òǹkàwé méjì ni ó ní: ènìyàn tí ó fẹ́ lóye rẹ̀, àti kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò mìíràn tí ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn kọ sí èdè tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpáílà a túmọ̀ iṣẹ́ náà tán, síbẹ̀ a tún sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́ pé ibì kan wà tí ó kọ òun lóminú. Èyí ni a ń pè ní ìkìlọ̀. Mo fẹ́ kí a wo ibi tí agbára ìkìlọ̀ yìí dé lórí ọ̀rọ̀ àyípo aláìlópin, nítorí pé àwọn kan wà tí kì í ka ìkìlọ̀ sí rárá, àwọn mìíràn sì gbà pé bí kọ̀ǹpáílà bá ti dákẹ́, ohun gbogbo ti gún. Ìtàn kò gbè lẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì.

Àyípo ni àṣẹ tí a pa fún ẹ̀rọ pé kí ó máa tún iṣẹ́ kan ṣe títí ohun kan yóò fi ṣẹlẹ̀. Bí ohun náà kò bá ní ṣẹlẹ̀ láéláé, ẹ̀rọ yóò máa yí po títí iná inú rẹ̀ yóò fi tán. Kò ní rẹ̀ ẹ́, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni pé kí ni òun ń ṣe. (Kì í ṣe gbogbo àyípo aláìlópin ni àbùkù o, ẹ̀rọ tí ń dúró de oníbàárà ní báńkì kò gbọdọ̀ sọ pé òun ti parí iṣẹ́.)

Ǹjẹ́ a lè rí ètò kan tí yóò máa bá wa mọ èyí tí yóò parí àti èyí tí kò ní parí? Ní ọdún 1936, Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ìbéèrè kan wà nípa ìṣe ẹ̀rọ oníṣirò tí kò sí ẹ̀rọ oníṣirò kankan tí ó lè dáhùn wọn ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí wà nínú lẹ́tà tí Christopher Strachey kọ sí ìwé àtìgbàdégbà The Computer Journal ní ọdún 1965. Ó ní inú ọkọ̀ ojú irin ni Turing ti fi ẹnu lásán ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún òun ní ọdún 1953, nígbà tí wọ́n ń lọ sí àpérò kan.

Àlàyé náà nìyí, bí mo ṣe lè fi èdè wa gbé e kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé babaláwo kan wà tí, bí a bá gbé ètò èyíkéyìí síwájú rẹ̀, yóò sọ láìtàsé bóyá yóò parí tàbí kò ní parí. Kí a wá kọ ètò kékeré kan, ìlà bíi mélòó kan péré, tí yóò kọ́kọ́ bi babaláwo náà léèrè nípa ara rẹ̀. Bí babaláwo bá ní, "Ìwọ yóò parí," kí ètò náà wọ inú àyípo, kí ó má jáde mọ́. Bí ó bá ní, "Ìwọ kò ní parí," kí ó parí lójú ẹsẹ̀. Èyíkéyìí tí babaláwo bá sọ, irọ́ ni yóò jẹ́. Nítorí náà, kò sí irú babaláwo bẹ́ẹ̀, kò sì lè sí.

Ohun tí ó kù fún àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpáílà ni kí wọ́n máa fura. Ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, níbi tí Dennis Ritchie ti dá èdè C sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Stephen Johnson kọ ètò kan tí ó sọ ní lint, orúkọ òwú wẹ́wẹ́ tí ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó ṣa irú òwú bẹ́ẹ̀ kúrò lára ohun tí a kọ. Ó wà nínú Unix ẹ̀dà keje tí ó jáde ní ọdún 1979. Nígbà tí ó yá, àwọn kọ̀ǹpáílà fúnra wọn gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kà láti 10 wá sísàlẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa kà níwọ̀n ìgbà tí iye náà kò bá tíì kéré sí òdo. Ṣùgbọ́n oríṣi nọ́ńbà tí kì í lọ sísàlẹ̀ òdo ni ó lò. Bí a bá yọ 1 kúrò lára òdo, ó di 4294967295 lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, ìkà náà a sì tún bẹ̀rẹ̀. GCC, kọ̀ǹpáílà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, lè rí èyí, kí ó sì kìlọ̀ pé òtítọ́ ni àfiwé náà yóò máa jẹ́ títí ayé. Àmọ́ a ní láti lo àṣẹ tí ń jẹ́ -Wextra kí a tó gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni -Wall, tí orúkọ rẹ̀ dún bí ẹni pé gbogbo ìkìlọ̀ ni, kò sì kó o mọ́ra. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò ro ti òǹkàwé.

Òwe wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà ti gbà ṣáájú pé ọdẹ fọn fèrè. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2008, ẹ̀rọ orin Zune oní-30GB ti ilé-iṣẹ́ Microsoft dákú káàkiri. Àyípo kékeré kan nínú ètò aago rẹ̀ ni ó fa á. Àyípo náà ń ṣírò ọdún láti orí iye ọjọ́ tí ó ti kọjá láti ọdún 1980: níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ bá ju 365 lọ, kí ó yọ iye ọjọ́ ọdún kan kúrò. Bí ọdún bá jẹ́ èyí tí ó ní ọjọ́ 366, yóò yọ 366 kìkì bí ọjọ́ bá ju 366 lọ. Ọdún 2008 ní ọjọ́ 366. Ní ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, ọjọ́ ju 365 lọ, kò sì ju 366 lọ. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè yọ, kò sì lè jáde. Irú ìfura tí mo mẹ́nu bà lókè kò lè rí i, nítorí pé àfiwé náà kì í ṣe òtítọ́ títí ayé, iye ọjọ́ sì ń dín kù dáradára ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Ẹni tí ó bá fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé, tí ó sì fi 366 dán an wò, ni ì bá rí i.

Ìmọ̀ràn tí ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn oníbàárà ni pé kí wọ́n jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá, kí wọ́n sì tan ẹ̀rọ náà padà lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, aago Greenwich, ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009.