Ìsúfèé Nílẹ̀ Wa: Ọ̀rọ̀ Tí Ètè Ń Sọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí eré ọmọdé létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìsúfèé ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ọmọ tó bá ń súfèé kì í pẹ́ gbọ́ ìbáwí. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, wọ́n á ní ìwà ìpáǹle ni. Bó bá jẹ́ alẹ́, wọ́n á ní ó fẹ́ pe ejò wọlé. Bó bá jẹ́ obìnrin, ìbáwí náà á di ìlọ́po méjì. Bó bá sì dé kíláàsì, àwa olùkọ́ náà á ní kó panu dé. Nígbà tí gbogbo wa bá ti bá a wí tán, ọmọ náà á gbà pé ohun tí kò dára ni ìsúfèé láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ìsúfèé jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń sọ èdè Yorùbá. Bó bá parun, kì í ṣe òun nìkan ni yóò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń súfèé kò lo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tì jáde láàárín ètè tó ká jọ. Ahọ́n tó ń lọ síwájú tó sì ń bọ̀ sẹ́yìn nínú ẹnu ló ń sọ ohùn náà di òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ohùn ìsúfèé sábà máa ń wà láàárín Hertz 1000 sí 4000, ibẹ̀ sì ni etí ènìyàn ti ń gbọ́ràn dáadáa jù. Ìdí nìyẹn tí ìsúfèé fi ń la inú igbó kọjá nígbà tí igbe lásán bá ti wọ inú ewé lọ. Ẹni tó bá kígbe léraléra, ọ̀fun á dùn ún. Ẹni tó súfèé lè ṣe é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ìsúfèé pín sí oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni ìsúfèé orin: ènìyàn gbọ́ orin kan, ó wá ń fi ètè kọ ọ́ láìsí ọ̀rọ̀. Èyí wà ní gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ sí Irlande, wọ́n kà á sí orin ìbílẹ̀ gidi. Àwọn ará ibẹ̀ ní àjọ̀dún orin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Fleadh Cheoil, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mullingar ní 1951. Níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdíje fèrè àti ti gòjé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìdíje ìsúfèé. Ẹni tí kò ní owó fèrè ní ètè, ètè yẹn sì tó fún un láti fi gbé orin ijó jáde, kí àwọn adájọ́ jókòó gbọ́ ọ, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn. Ẹ ò rí i pé ohun tí a fi ń na ọmọ níbí, àwọn kan ń gba ife-ẹ̀yẹ lé e lórí.

Oríṣi kejì ni ìsúfèé ọ̀rọ̀, níbi tí ohun tí ètè ń gbé jáde kì í ti í ṣe orin, tó jẹ́ gbólóhùn. Ibí ni Yorùbá ti yàtọ̀, nítorí pé èdè wa fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin. Ohùn mẹ́ta la ní: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn olùkọ́ máa ń pè é ní dò, re, mí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: igba tí a fi ń kà nǹkan, igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n ní. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ẹ fi ètè súfèé ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ó gbọ́ orin kúkúrú mẹ́rin tí kò jọra. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀, àwọn baba wa sì mọ̀ ọ́n. Ilé, owó, igbá, ọkọ́: orin kan náà ni gbogbo wọn nínú ìsúfèé. Adéwálé, Adébísí, Akínwándé àti Abíọ́dún náà, ọ̀kan náà ni. Oríkì àbísọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Àjàní, Àlàbí, Àrèmú, Àkànní, Àyìndé, Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè ni gbogbo wọn. Bí a bá súfèé orúkọ kan báyìí láàárín ọjà Takon, ìdajì ọjà ni yóò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ nínú ìṣòro yìí náà ni àwọn onídùndún ń gbà. Wọn kì í pe orúkọ nìkan. Wọ́n á fi oríkì orílẹ̀ sí i, wọ́n á fi iṣẹ́ tàbí ìwà ẹni náà kún un, títí gbólóhùn á fi gùn tó pé kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn mọ́. Ọba Adétòyèsé Láoyè, Tìmì Ẹdẹ tó gorí oyè ní 1946, jẹ́ ọba tó tún jẹ́ onílù, ó sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ìlù wa ń sọ. Bí dùndún ṣe ń lo ọṣán láti fa ohùn gòkè tàbí láti jẹ́ kó rọra sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n ṣe ń ṣe nínú ìsúfèé. Gúdúgúdú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ kò ṣeé fà. Nítorí náà, bí a bá ń wá ìbátan ìsúfèé láàárín àwọn ohun èlò wa, dùndún ni ká kọ́kọ́ bi.

Ìyàtọ̀ wọn ni pé dùndún ní ìdílé. Àwọn Àyàn ló ni í, a ń kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ń gbé e lọ sí ààfin àti òde ìnáwó. Ìsúfèé kò ní ìdílé, kò sì ní ààfin. Ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo ni. Ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ ti fi igbà de ara rẹ̀, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu nìkan ló kù fún un láti fi sọ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ pé kó yẹra, ẹyìn ń bọ̀. Nílẹ̀ wa tó jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ, iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Ọdẹ kò gbọdọ̀ pariwo bí ènìyàn, torí ẹran mọ ohùn ènìyàn. Ìsúfèé lè jọ ti ẹyẹ. Àgbẹ̀ méjì tí oko wọn kọjú síra wọn lè kíra, kí wọ́n sì dá ìgbà tí wọn yóò jọ padà sílé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ sílẹ̀.

A wá dé ibi èèwọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ní ká má súfèé lóru? Ejò kò ní etí bí tiwa, ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ ló ń mọ̀ jù, nítorí náà ìsúfèé kọ́ ni yóò pè é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í fi òfin lélẹ̀ lásán. Lójú tiwa, nítorí pé ìsúfèé jẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe dè é lóru. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, wọ́n sì tú Kétu ká ní 1886. Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń súfèé nínú òkùnkùn ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Ta ni? Kí ló ń sọ? Olè máa ń fi súfèé pe olè. Ọmọdé tó ń fi ṣeré lè dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ ní gbogbo agboolé. Ẹ sọ fún ọmọ pé ejò ń bọ̀, yóò dákẹ́ kíákíá ju kí ẹ máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ogun fún un lọ. Ohun tí kò ní ìtumọ̀, kò sẹ́ni tí í fi èèwọ̀ dè é.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Àwọn atukọ̀ ojú òkun ní Yúróòpù máa ń ka ìsúfèé inú ọkọ̀ léèwọ̀, wọ́n ní ó ń pe ìjì. Àwọn òṣèré tíátà wọn kì í súfèé lórí ìtàgé. Ní ti ẹ̀sìn, àwọn Mùsùlùmí wa mọ̀ pé Kùránì, nínú Súrà Al-Anfal, bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó sọ ìsúfèé àti àtẹ́wọ́ di ìjọsìn ní Ilé Mímọ́. Ọ̀pọ̀ aáfà ti fi èyí kìlọ̀ nípa ìsúfèé. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìsúfèé inú oko, tí ènìyàn fi ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jẹun, kì í ṣe ìjọsìn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó dé. Ní oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ yìí sí méjì, apá kan lọ sí Dàhòmì, apá kejì lọ sí Nàìjíríà. Ilé ẹ̀kọ́ wa di ti Faransé. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń so ohun ìtìjú kan mọ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní "signal". Ìyà yẹn ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ohun kan kù lára wa. Faransé kò fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ tó fi èdè yẹn kọ́ ìwé kíkà láti kékeré á máa rò pé lẹ́tà nìkan ni ọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ kọ Yorùbá, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ɛ àti ɔ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Benin, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ẹ àti ọ bí ti Nàìjíríà, àmì ohùn ni yóò kọ́kọ́ gbàgbé. Àwa olùkọ́ ń rí i lójoojúmọ́: ọmọ Takon tó ń sọ Yorùbá láti inú ilé, tí kò lè sọ fún ọ bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀.

Ohun kan náà ti wọ inú orin ìjọ rí. Àwọn orin tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ sórí ohùn òyìnbó máa ń yí ọ̀rọ̀ Yorùbá padà lẹ́nu akọrin. T. K. Ekundayo Phillips, oníduru Cathedral Church of Christ ní Èkó, rí ewu yìí, ó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953, láti fi hàn pé orin wa gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní La Gomera, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Spéìn ní òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn olùṣọ́ àgùntàn máa ń fi ìsúfèé sọ èdè Spéìn láti orí òkè kan dé òmíràn. Silbo ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó fẹ́ parun, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ láti 1999. Ní 2009, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún ìran ènìyàn. Ní Kuşköy ní ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n ń fi ìsúfèé sọ èdè Tọ́kì. UNESCO kọ òun náà sílẹ̀ ní 2017, ṣùgbọ́n inú ìwé àwọn ohun tó nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n dárúkọ fóònù alágbèéká gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń pa á. Àwa náà kò lè sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó lè fi fóònù pe ọmọ rẹ̀ láti oko, kí ni yóò tún fi ètè ṣe?

Ẹ kíyè sí i pé èdè Spéìn àti ti Tọ́kì kò ní ohùn mẹ́ta bí tiwa. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe láti fi ìsúfèé gbé lẹ́tà jáde. Tiwa ti wà nílẹ̀ nínú èdè. Síbẹ̀, àwọn ló kọ́ ọmọ wọn, àwa ló ń bá tiwa wí.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní owó nínú. Èkíní, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, ẹ má kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ ní kó súfèé igba, igbá, igbà, ìgbà. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti mú un, ọwọ́ rẹ̀ á kọ ọ́. Èkejì, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òru ni èèwọ̀ náà wà fún, kí ẹ sì fi ọ̀sán sílẹ̀ fún un. Kí ọmọbìnrin náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, torí kò sí ohùn Yorùbá tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní baba tàbí bàbá àgbà tó ti gun ọ̀pẹ, tó ti ṣọdẹ, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nínú igbó, ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀. Fóònù tó ń pa á náà lè bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní abúlé tirẹ̀, ì báà wà ní apá Benin, ì báà wà ní apá Nàìjíríà, kó sọ fún wa nísàlẹ̀ ibí. Ẹnubodè tí wọ́n fà ní 1889 kò dí ìsúfèé lọ́nà rí.