Idẹ tí ó ń bá ìbọn wọ iná: Ìgbà mélòó ni wọ́n lè tún ìkarahun ọta kì kí ó tó di ewu?

Bí ọdẹ tàbí ẹni tí ó ń fi ìbọn ṣe eré ìdárayá bá yìnbọn tán l'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn kì í fi ohun tí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn á bẹ̀rẹ̀, wọn á ṣà á, wọn á sì kó o lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń ṣà yìí ni ìkarahun kátíríìjì, ìyẹn ife idẹ gbọọrọ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ kí ìbọn tó dún. Nílé, wọn á tún un ṣe, wọn á da ẹ̀tù tuntun sí i, wọn á fi ọta tuntun dé e lẹ́nu, ó sì tún di odindi kátíríìjì. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọdẹ tí wọ́n ń pa ẹfọ̀n ní pápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1870 sí 1880 máa ń ru òjé àti ẹ̀tù káàkiri nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn, nítorí pé ilé ìtajà jìnnà sí ibi tí wọ́n pàgọ́ sí. Ìbéèrè tí ó máa ń jẹ àwọn tí wọ́n ń ṣe é lónìí lọ́kàn ni pé, ìgbà mélòó ni ìkarahun kan lè lọ kí ó bọ̀ kí ó tó di ohun tí yóò ṣe olówó rẹ̀ léṣe?

Iye ni àwọn ènìyàn máa ń retí gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò sí iye kan pàtó. Ìkarahun kan lè kú ní ìgbà kẹta, kí òmíràn tí wọ́n jọ wá láti ilé iṣẹ́ kan náà kọjá ogún ìgbà. Ohun tí ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fa idẹ náà tó nígbàkígbà tí wọ́n bá lò ó. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí á tú kátíríìjì palẹ̀ wò.

Nǹkan mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ọta fúnra rẹ̀ tí ó ń fò lọ. Èkejì ni ẹ̀tù tí ó ń jó. Ẹ̀kẹta ni práímà, ife bíńtín tí ó wà ní ìsàlẹ̀, tí ó máa ń ta iná sí ẹ̀tù nígbà tí abẹ́rẹ́ ìbọn bá gbá a. Ẹ̀kẹrin ni ìkarahun tí ó kó gbogbo wọn mọ́ra. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wúlò. Ìkarahun nìkan ni ó ń ṣẹ́kù, òun náà ni ó sì sábà máa ń gbówó lórí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dun àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí láti sọ ọ́ nù, pàápàá ní àkókò tí ọjà bá dá gágá, bí ó ti ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, tí ó sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2020 àti 2021. Ẹ jẹ́ kí á fi kún un pé orí ni àwọn Òyìnbó ń pe ìsàlẹ̀ ìkarahun yìí. Lójú Yorùbá, ìdí ni, ìdí ni a ó sì máa pè é níhìn-ín.

Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe é ní ìwọ̀n tirẹ̀: bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, bàbà kó 70, síǹkì kó 30. Ẹni tí ó bá ti fi òòlù lu idẹ tútù rí mọ ìwà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lù ú ni yóò máa le sí i, bí ó bá sì le jù, yóò sán. Iná nìkan ni ó lè mú un rọ̀ padà. Bí ẹ bá mú wáyà, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ní ojú kan náà, ẹ ó rí i pé yóò kọ́kọ́ ṣòro láti tẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni yóò dá. Ohun tí ojú ìkarahun ọta ń rí nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná nínú kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní .308 Winchester, agbára tí ó ń ti ògiri idẹ náà lè tó 62,000 psi. Psi yìí kan náà ni àwọn fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, táyà ọkọ̀ kékeré kì í sì í sábà ju 30 sí 35 lọ. Idẹ náà á wú, á lẹ̀ mọ́ ara ihò ìbọn tí ó jókòó sí, kò sì ní jẹ́ kí èéfín gbígbóná gba ẹ̀yìn jáde. Bí ọta bá ti jáde tán, idẹ á sún kì díẹ̀, ìyẹn ni ó ń jẹ́ kí ó ṣeé fà yọ. Ṣùgbọ́n kò ní padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní láti fi agbára tì í wọ inú irin oníhò kan tí wọ́n ń pè ní dáì, kí ó lè fún un padà sí ìwọ̀n. Wíwú kan, fífún kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ.

Ọrùn ìkarahun, níbi tí ọta ń jókòó sí, ni ìwú àti ìfún yìí máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Bí ó bá ti le dé góńgó, yóò là gbọọrọ. Ojú ni ènìyàn fi ń rí èyí, kì í sábà pa ẹnikẹ́ni lára, wọn á kàn jù ú nù ni. Ọ̀nà àti dá a dúró náà wà: wọn á fi iná yá ọrùn àti èjìká rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí idẹ lè rọ̀ padà. Ilé iṣẹ́ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tí ó máa ń ṣú díẹ̀ lọ́rùn kátíríìjì àwọn sójà, àmì iná yẹn ni. Ṣùgbọ́n ìdí kò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ìdí gbọ́dọ̀ le kí ó tó lè di práímà mú kí ó sì dúró de agbára ẹ̀tù. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 250°C, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ìkarahun tí ìdí rẹ̀ bá sì ti rọ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè fi tún un ṣe mọ́.

Ibi tí ewu gidi wà ni ìdí yìí, lókè rẹ̀ díẹ̀, níbi tí ògiri tín-ín-rín ti pàdé ìsàlẹ̀ tí ó nípọn. Nígbà tí ìbọn bá dún, iwájú ìkarahun á lẹ̀ mọ́ ihò ìbọn pátápátá, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò lẹ̀. Agbára ẹ̀tù á wá ti ìdí sẹ́yìn títí yóò fi kan irin tí ó dé ẹ̀yìn ìbọn. Bí àyè bá wà láàárín méjèèjì, idẹ gbọ́dọ̀ fà kí ó tó lè kún àyè náà, ibi tí ó sì ti ń fà ni ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Bí wọ́n bá ti i wọ inú dáì jù, tí èjìká rẹ̀ lọ sẹ́yìn ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n ti tún àyè náà ṣe fún un láti fà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í ti èjìká sẹ́yìn ju nǹkan bí 0.05 mm lọ fún ìbọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí tì, ìwọ̀n tí kò tó sísanra ẹyọ irun orí kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn ti dáì wálẹ̀ dé ìpẹ̀kun, ìkarahun rẹ̀ kò sì ní pẹ́.

Fífà yìí náà ni ó ń jẹ́ kí ìkarahun máa gùn sí i. Ti .308 kò gbọ́dọ̀ gùn ju 51.18 mm lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gé ẹnu rẹ̀ padà sí 50.93 mm, nítorí pé ẹnu tí ó gùn jù lè há mọ́ ọta lọ́rùn kí agbára ẹ̀tù sì ga ju ohun tí ìbọn lè gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gígé yìí ti parí ọ̀ràn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Idẹ tí wọ́n ń gé sọ nù lẹ́nu, láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń wá, ìkarahun tí wọ́n bá sì ti gé lẹ́nu léraléra ti tín-ín-rín níbi tí ojú kò tó.

Òpin rẹ̀ ni pé yóò já sí méjì nínú ìbọn. Ìdí nìkan ni yóò jáde, ìyókù á há sínú. Bí ó bá ṣe wẹ́rẹ́, ìdààmú lásán ni. Bí ó bá burú, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba ẹ̀yìn jáde sí ojú ẹni tí ó yìnbọn, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń yìnbọn pé kí ó wọ awò ojú. Ìkarahun máa ń fún wọn ní àmì kí ó tó já. Ìlà kan tí ó ń dán gbirigbiri á yí i ká, ní nǹkan bí ìbú ìka kan sókè ìdí. Ṣùgbọ́n inú ni ọgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó hàn síta, nítorí náà wọ́n ń tẹ ẹnu wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kọdọrọ, wọn á tì í bọ inú rẹ̀, wọn á sì máa fà á bọ̀ lára ògiri láti ìsàlẹ̀. Bí wáyà náà bá kọ́ mọ́ kòtò, ìkarahun yẹn ti tán.

Àmì kẹta wà ní ihò práímà. Ẹni tí ó bá ń da ẹ̀tù sí i jù, ihò yìí á máa fẹ̀ títí práímà yóò fi máa bọ́ fúnra rẹ̀. Kò sí àtúnṣe tí ó tọ́ fún un.

Kátíríìjì tí ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù nídìí ọ̀rọ̀ jíjá sí méjì ni .303 ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ìbọn Lee-Enfield ń lò. Ìbọn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, òun ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé lọ sí ogun Bóòmà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n dá ihò rẹ̀ fẹ̀ kí kátíríìjì tí ẹrẹ̀ bá ti ta sí lára lè máa wọlé láìhá, irin tí ó sì ń dé ẹ̀yìn rẹ̀, láti ẹ̀yìn pátápátá ni ó ti ń kọ́, nítorí náà ó máa ń sún kì díẹ̀ bí ìbọn bá dún. Kò burú fún sójà, ẹ̀ẹ̀kan ni sójà ń lo ìkarahun. Àwọn tí wọ́n ra ìbọn àtijọ́ wọ̀nyí lónìí, tí wọ́n sì ń tún ọta rẹ̀ kì, ni ó ń yọ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń fún ìkarahun rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó lè má kọjá ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí wọ́n bá fún ọrùn nìkan, tí wọ́n sì jẹ́ kí ara rẹ̀ dúró ní ìwọ̀n ihò ìbọn tiwọn gan-an, yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Idẹ tún lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìn ín. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, àwọn ọmọ ogun wọn a máa kó kátíríìjì pamọ́ sí ilé ẹṣin ní àsìkò òjò. Bí òjò bá lọ, wọn á bá ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ó ti sán. Ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Moore, Beckinsale àti Mallinson, tó ṣàlàyé rẹ̀: ammonia tí ó ń jáde láti inú ìtọ̀ ẹṣin ni ó ń wọ ara idẹ tí wọ́n ti fi agbára fà ní tútù, tí wàhálà fífà náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gbà kí ènìyàn fi omi ìdándẹ tí ó ní ammonia nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń dán bọ́tìnnì aṣọ sójà, fọ ìkarahun ọta. Omi àti ọṣẹ ti tó, tàbí kí wọ́n yí i pọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ nínú ẹ̀rọ.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ sọ iye, bí ó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ìkarahun .38 Special ti ìbọn ìléwọ́, tí agbára rẹ̀ kò ju 17,000 psi lọ, lè kọjá ogún ìgbà láìṣe wàhálà. Ìkarahun ìbọn ọdẹ bíi .308 tàbí .30-06, tí wọ́n bá kì ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, a máa lọ tó ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá. Bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ràn ẹ̀tù púpọ̀, ó lè má ju mẹ́ta lọ. Ìbọn M1 Garand, tí ó ń fúnra rẹ̀ fa ìkarahun jáde, máa ń fi agbára fà á, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń lò ó kì í jẹ́ kí ó ju ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ní ìdà kejì, àwọn tí wọ́n ń fi ìbọn díje lórí tábìlì, tí ihò ìbọn wọn wọ ìkarahun bí ìbọ̀wọ́, lè lo ẹyọ kan ní ọgbọ̀n ìgbà. Bí a bá rò ó dáadáa, ìbọn àti ọwọ́ ẹni tí ó ń kì í ni ó ń pinnu ju idẹ fúnra rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìkarahun ni ó tilẹ̀ ṣeé tún kì. Àwọn tí wọ́n fi irin tàbí alumíníọ́ọ̀mù ṣe, jíjù sọ nù ni tiwọn. Àwọn kan tún wà tí ihò iná wọn jẹ́ méjì dípò ẹyọ kan, tí práímà àtijọ́ inú wọn sì ṣòro yọ. Ará Amẹ́ríkà kan, Hiram Berdan, ni ó ṣe irú èyí. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Boxer, ni ó ṣe oníhò kan tí ó rọrùn. Ọdún 1866 ni àwọn méjèèjì gba ìwé àṣẹ tiwọn. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé ti Boxer ni àwọn ará Amẹ́ríkà mú, ti Berdan sì ni ó gbilẹ̀ ní Yúróòpù.

Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí òfin gbà láyè láti ní ìbọn, bí ó bá jẹ́ pé fún ìlò ara rẹ̀ ni ó ń kì í. Ẹni tí ó bá ń tà á ni ó gbọ́dọ̀ gbàwé. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọta ní ilé ara rẹ̀. Àwọn ọdẹ wa tí wọ́n ń lo ṣakabùlà kò tilẹ̀ ní ìkarahun tí wọn yóò ṣà, nítorí pé ẹnu ọ̀pá ìbọn ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sí tiwọn.

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í da ìkarahun pọ̀. Àwọn tí wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan náà, inú páálí kan ni wọ́n ń wà, wọn á sì kọ iye ìgbà tí wọ́n ti lò wọ́n sára páálí náà. Bí ìlà dídán bá yọ lára ẹyọ kan, gbogbo páálí ni wọ́n ń yẹ̀ wò, nítorí pé ohun kan náà ni ojú gbogbo wọn ti rí. Èyí tí ó bá ti tán, wọn kì í kàn jù ú sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣà á. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń tẹ ẹnu rẹ̀ pa, lẹ́yìn náà ni wọn á kó o fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n idẹ.